Kajú ti gba ilẹ̀ iṣu láàbókò

Tí o bá ti kọjá àwọn òkè Sábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, tó ò ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, kajú ni lọ́tùn-ún, kajú ni lósì, títí dé apá odò Ọ̀pàrà. Mi ò bínú sí kajú o. Òun la fi ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, òun la fi ra páànù tá a fi bo ilé. Láti oṣù kejì lọ sí ìkarùn-ún, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán témi àtàwọn ọmọ fi ń wà lábẹ́ igi, tá à ń ṣa èyí tó bọ́, tá à ń yí hóró kúrò lára èso. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba ti fòfin de kíkó kajú tí wọn ò tíì fọ́ jáde nílùú, kí àwọn ilé iṣẹ́ bí èyí tó wà ní Glo-Djigbé lè máa rí i fọ́. Ó dáa kí iṣẹ́ wà nílé. Lóko níbí ṣá, ohun tá a máa ń bi ara wa ni: èló ni kílò lónìí?

Iṣu ló ń dùn mí. Láàbókò, tí kò sí iyán tó dà bí tiẹ̀, kì í ṣe dáadáa nílẹ̀ tó ti ṣá. Ilẹ̀ tó ti sinmi pẹ́ ló ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tí kajú bá ti wà kì í sinmi mọ́. Nígbà tí igi ṣì kéré, èèyàn lè fi iṣu, àgbàdo tàbí ẹ̀pà sáàárín ẹ̀. Tí ẹ̀ka bá ti kan ẹ̀ka, ó parí. Iṣu kókórò tá a fi ń ṣe ẹlùbọ́ ṣì máa ń fara da ilẹ̀ tó ti gbó. Láàbókò ò gbà.

Àárín kajú ọkọ mi lèmi náà ń gbin ẹ̀pà sí. Lọ́dún tó kọjá, ó ga gọn-ọn, ó ń wá oòrùn kiri, ewé ẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Nígbà tí mo fà á tu, ìdí kan ò ju ẹ̀pà méjì mẹ́ta lọ, òmíì ò sì ní hóró nínú. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ilẹ̀ díẹ̀ lọ́tọ̀."

"Ìyàwó, èwo ló kù? Èyí tó kù, àwọn ọmọkùnrin ti ń gbin kajú sí i."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tó bá ti gbin igi sílẹ̀, ilẹ̀ ti di tiẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í jẹ́ kí ẹni tó yá ilẹ̀ gbin igi, táwa obìnrin náà kì í sì í sábà ní kajú tiwa. Ẹni tó bá sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi, ẹ̀rù á máa bà á pé ẹlòmíì á gbin kajú sí i.

Ohun tí mò ń bẹ àwọn àgbà ìdílé ni pé kí àsìkò ebè tó dé, kí wọ́n ya apá ẹ̀bá odò sọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbin igi síbẹ̀, kó jẹ́ ti iṣu àti ti ẹ̀pà àwa ìyàwó ilé. Ọkọ mi ti gbà láti gbé e dé ìpàdé ìdílé. Àwa ìyàwó náà máa lọ jókòó síbẹ̀, a ó sì sọ̀rọ̀.