Láti Àgbádárìgì, Òkèèrè Kò Jìnnà

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí mo mọ̀ ní Àgbádárìgì ló gbà pé kí ènìyàn tó lè sọ pé òun lọ ṣiṣẹ́ ìyọ̀ǹda-ara-ẹni nílẹ̀ òkèèrè, àfi kó gba físà, kó sì wọ bàálù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá wọkọ̀ láti ìlú wa gba ibodè Sẹ̀mẹ̀ lọ yóò ti dé orílẹ̀-èdè mìíràn kí ẹni tó ń lọ sí Ìkẹjà tó bọ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ.

Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin, ni mo ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí, níbi ìkàwé kékeré kan tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ilé-ìwé. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní kíláàsì, ṣùgbọ́n Ègùn ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ nílé, Ègùn kan náà tí ìyá mi fi tọ́ mi. Lọ́jọ́ kan, ìyá ọmọ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọ̀rá gaàrí há abíyá, ó ń wò mí tìfura-tìfura. Ó fẹ́ mọ iye tí a óò gbà lọ́wọ́ òun tó bá yá, nítorí ó ti rí ọ̀fẹ́ tó di gbèsè rí. Bí mo ṣe fi Ègùn kí i, ojú rẹ̀ yí padà. Ó béèrè agbo ilé wa, ó béèrè ta ló bí ìyá mi, kò sì dákẹ́ títí a fi rí ẹnì kan tí àwa méjèèjì mọ̀ ní Àjàrá. Lọ́jọ́ kejì, ó mú ọmọ rẹ̀ wá, ó sì fa ọmọ aládùúgbò méjì lọ́wọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Yúróòpù wà pẹ̀lú wa, onínúure ènìyàn, tó ti san owó gọbọi fún àwọn tó mú un wá. Síbẹ̀, ìdajì ohun tó ń sọ ni mò ń túmọ̀ fún àwọn ọmọ. Èmi kò bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n àwa tí a gbọ́ èdè, tí a mọ bí a ti ń kí àgbà, kí ló dé tí a fi ń ka ara wa sí ẹni tí wọn yóò máa ràn lọ́wọ́ ṣáá? Láti ọdún 1987 ni Nàìjíríà ti dá Technical Aid Corps sílẹ̀, tó ń rán àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ bíi dókítà àti olùkọ́ lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Karíbíà àti Pàsífíìkì.

Láti Àjàṣẹ́ ni mo ti gba Kútọnu lọ sí Lomé, olú-ìlú Tógò, níbi tí ibodè Gánà ti wà létí ìlú débi pé ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn kọjá sí Aflao. Àdéhùn ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti ọdún 1979 fún wa láǹfààní láti wọ orílẹ̀-èdè ẹlẹgbẹ́ wa láìgba físà, kí a sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn; ní ojú ọ̀nà, ẹni tó mú páásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú, dání ṣì lè pàdé ẹni tí yóò ní kó “ṣe dáadáa”. Èmi a máa fi sùúrù béèrè rìsíìtì, ọ̀rọ̀ sì sábà máa ń parí síbẹ̀. Láti ọdún 2016, òfin ìlera àgbáyé ti sọ pé abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú kan ṣoṣo tó fún ènìyàn títí ayé, nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé káàdì rẹ ti pé ọdún 10, pé kò wúlò mọ́, owó ló ń wá.

Séfà kan náà ni Benin àti Tógò ń ná, sídì ni ti Gánà. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ìbátan wa ló gbà mí sílé ní Àjàṣẹ́, èmi náà sì ń ra ẹja àti èédú sílé. Ní Gánà tí n kò ti ní ará, owó ilé nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo ohun tó wà lápò mi lọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn àbúrò tó bá béèrè lọ́wọ́ mi pé kí wọ́n kọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan tó wà lódìkejì ibodè bẹ̀rẹ̀.