Mítà iná ara ògiri ló là mí lójú nínú kálíkúlọ́sì

Ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì ni mo gba òdo nínú ìbéèrè kan tí mo rò pé mo mọ̀ bí ẹní mowó. Wọ́n ní ká ṣe ìntígíréṣọ̀n 1/x² láti −1 dé 1. Kíá, mo kọ −1/x, mo fi 1 sí i, mo fi −1 sí i, mo yọ èkejì kúrò lára èkíní, mo gba −2. Mo tiẹ̀ fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìwé padà dé ọwọ́ mi, bírò pupa ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: "Ṣé o yàwòrán rẹ̀?"

N kò yà á. Ká ní mo yà á ni, ǹ bá rí i pé òkè ìlà òdo ni gbogbo rẹ̀ wà, kò wọ ìsàlẹ̀ níbì kankan. Báwo ni àpapọ̀ ohun tí kò sí òdì nínú rẹ̀ ṣe wá di òdì?

Mo mọ iṣẹ́ náà ṣe, kò kúkú yé mi ni. Fi ọ̀kan kún agbára, fi iye tuntun náà pín in, má gbàgbé C, nọ́ńbà tí kì í yí padà tí à ń fi kún ìdáhùn. N kò mọ ìdí tí dífáréńṣíéṣọ̀n, tó ń wo bí nǹkan ṣe ń yára sí, fi di ọmọ ìyá ìntígíréṣọ̀n, tó ń ṣírò bí nǹkan ṣe ń pọ̀ jọ. Ìbátan méjèèjì yìí sì ni gbogbo ohun tí tíọ́rẹ́ẹ̀mù ìpìlẹ̀ kálíkúlọ́sì ń sọ.

Ìgbà ìsinmi ni mo wálé. Mo ń lọ aṣọ ní ọjọ́ kan ni bàbá mi pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Yọ áyọ́ọ̀nù yẹn! O ò rí bí mítà ṣe ń sáré ni?" Mítà ayé àtijọ́ ni tiwa, èyí tó ní àwo pẹlẹbẹ kan tó ń yí lábẹ́ gíláàsì. Bó bá jẹ́ fíríìjì nìkan ló wà lórí iná, àwo náà á máa yí jẹ́jẹ́. Bí áyọ́ọ̀nù bá wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí kíkankíkan. Òkè rẹ̀ ni nọ́ńbà ti ń gun ara wọn.

Mo dúró níwájú mítà yẹn bí ẹni tó rí iwin. Eré àwo ni f, ohun tí à ń ṣe ìntígíréṣọ̀n rẹ̀. Nọ́ńbà òkè ni F, àpapọ̀ tí ìntígíréṣọ̀n ń fún wa. Bí àwo bá ṣe ń sáré sí ní ìṣẹ́jú yìí ni nọ́ńbà ṣe ń yára gòkè sí: apá kìíní tíọ́rẹ́ẹ̀mù nìyẹn. Apá kejì ni òṣìṣẹ́ NEPA tó ń wá ka mítà. Kò bi wá pé ọjọ́ wo la lọ aṣọ. Bó bá ka 4,812 lóṣù tó kọjá, tó ka 4,967 lóṣù yìí, ó yọ ọ́, ó ku 155, ó tán. C ńkọ́? Iye tó wà lójú mítà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kọ́ ni. Ì báà jẹ́ òdo, ì báà jẹ́ 300, ìyọkúrò á gbé e lọ. (Èyí tí à ń sanwó sí ṣáájú lóde òní, ńṣe ló ń dínkù. Ẹ fi àmì òdì síwájú, ọ̀rọ̀ kan náà ni.)

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àmì ìntígíréṣọ̀n, ∫ yẹn gan-an, S tí wọ́n fà gùn ni. Leibniz kọ ọ́ sílẹ̀ ní October 1675 nítorí summa, ìyẹn àpapọ̀ lédè Látìn. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ kà á ní "àpapọ̀".

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣe àpapọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó máa yọ F ìbẹ̀rẹ̀ kúrò lára F ìparí. Ká ní omi ń wọ tánkì ní lítà 40 − 2t láàárín ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 10 (t ni iye ìṣẹ́jú tó ti kọjá). Ẹ fi eré ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ṣírò, ẹ ó rí 310. Ẹ fi eré ìparí rẹ̀ ṣe é, ẹ ó rí 290. Ẹ wá mú F rẹ̀, ìyẹn 40t − t², ẹ fi 10 sí i: 300 géérégé. Ìgbà tí mo ṣe èyí lórí ìwé ni ọkàn mi tó balẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti máa ń mú wa nínú ìdánwò ni kí òkè àmì ∫, ibi tí àpapọ̀ ti ń dúró, jẹ́ x² dípò x, kí wọ́n wá ní ká ṣe dífáréńṣíéṣọ̀n rẹ̀. Bí cos t bá wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ á kọ cos(x²), wọ́n á gbé bírò sílẹ̀. Ó ku 2x tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́ di púpọ̀, torí ibi ìdúró náà ń sáré fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí −2 mi. Ní x = 0, eré 1/x² kọjá òǹkà, kò sí mítà tó lè gbà á. Ó jóná síbẹ̀. −1/x ti apá òsì àti −1/x ti apá ọ̀tún kì í wá ṣe mítà kan náà mọ́, kálukú ló ní C tirẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ka mítà tuntun, mo yọ iye ojú mítà tó ti jóná kúrò lára rẹ̀, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ owó iná tí mo gbé jáde.