Excision kọ́ ni gazette: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó ilẹ̀

Iṣẹ́ akọ̀wé ni mò ń ṣe lọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Broad Street, ní Èkó gan-an, ìwé ilẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń tẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí àwọn ajẹ́ǹtì máa ń dà pọ̀: excision àti gazette. Wọ́n á ní, "Excision ti jáde, gazette wà ńlẹ̀," oníbàárà á sì mi orí.

Láti 1978 tí òfin ilẹ̀ ti dé, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Ìjọba lè gba ilẹ̀ tí abúlé kan ti ń dáko sí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí àwọn ará abúlé bá bẹ̀bẹ̀, ìjọba lè gé apá kan dá padà fún wọn. Gígé yẹn ni excision. Gazette ní tirẹ̀ ni ìwé tí ìjọba ń tẹ ìpinnu náà sí, pẹ̀lú orúkọ abúlé àti ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n gé. Ẹni tó bá wá ní excision "ṣì wà lọ́nà", ìwé ẹ̀bẹ̀ ló ń tà fún yín. Ìjọba lè má fọwọ́ sí i rárá.

Ṣùgbọ́n gazette tòótọ́ náà kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ta léèsì ní Balógun mú ẹ̀dà kan wá, orúkọ abúlé wà níbẹ̀ kedere. Ó ní, "Àbúrò, kí ló tún kù?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, abúlé ni wọ́n dárúkọ, wọn ò dárúkọ ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà fún yín."

Ó ronú díẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni o. Bí mo bá gé yáàdì márùn-ún fún èèyàn, kò ní kó gbogbo bọ́ńdù lọ."

A ní kí wọnlẹ̀-wọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ wọn ilẹ̀ náà, kó sì gbé sọ́fè rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláùsá, kí wọ́n gbé e lé máàpù ìjọba. Charting ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn, owó tí ẹ bá ná sí i kò ṣòfò. Ìdajì ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n bọ́ sí ìta ààlà, lábẹ́ ìjọba. Ẹ̀gbọ́n ò rà á mọ́.

Ohun mìíràn tí àwọn èèyàn kì í fura sí: inú gazette kan náà ni ìjọba ti ń kéde ilẹ̀ tó fẹ́ gbà. Nítorí náà, "ó wà nínú gazette" lè túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbà á mọ́ àwọn onílẹ̀ lọ́wọ́! Ẹ ka àkọlé rẹ̀ kí ẹ tó wá orúkọ abúlé.

Bí gbogbo rẹ̀ bá wá dọ́gba, orúkọ tiyín kò sí nínú gazette. Ìwé tí ẹbí tó ni ilẹ̀ bá ṣe fún yín ni yóò gbé orúkọ yín, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ọmọ onílẹ̀ kan ṣoṣo tó dá fọwọ́ sí i kò tó.