Ta Ló Ń Sanwó Kó Tó Wọ Ọjà?

Màámi ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. A jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fídíò WhatsApp, mo sì gbé fóònù dání wọ gáráàjì kí n lè mú òróró. Bí wọ́n ṣe rí tíṣù tí mo tò kan àjà nìyẹn, wọ́n rí páálí ọṣẹ, wọ́n tún rí àpò ìrẹsì méjì tó dúró ti ògiri bíi máígáàdì. Wọ́n ní, "Ṣé o ti ń tajà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní rárá o, Màámi, ti ilé ni. Mo wá ń ṣàlàyé pé ilé ìtajà ńlá kan wà níbí ní Amẹ́ríkà, Costco lorúkọ rẹ̀, tí wọn kì í ta ẹyọ kan, páálí ni wọ́n ń tà. Èèyàn á kọ́kọ́ san owó káàdì lọ́dọọdún kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé, tó bá wá wọlé tán, ọjà ibẹ̀ á dínwó fún un.

Màámi ti fi ìrẹsì títà rán gbogbo wa nílé ìwé. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o fẹ́ rajà lò ń sanwó fún ẹni tó fẹ́ tà á fún ẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Èèyàn mélòó ló tiẹ̀ wà nínú ilé yẹn?"

Èèyàn mẹ́ta ni wá. Wọ́n mọ̀.

Ẹ̀yin náà mọ àwọn ìyá ọlọ́jà, wọn kì í béèrè ohun tí wọn ò mọ ìdáhùn rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó pàtẹ ló ń san owó ọjà, òun làwọn káńsù ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún. Oníbàárà kì í san kọ́bọ̀ kó tó wọlé, ńṣe ni wọ́n tún ń fà á láṣọ pé kó wá bá àwọn ná an. Níbí, ẹnu ọ̀nà lo ti máa fi káàdì hàn. Tó o bá ń jáde, ẹlòmíràn á gba rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ, á wo inú tírọ́lì, á fi bírò fa ìlà gbọọrọ sí i kó tó yọ̀ǹda rẹ. Ọkọ mi kọ́kọ́ rò pé òun nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ṣọ́ bóyá wọ́n á ṣe é fáwọn òyìnbó tó wà lẹ́yìn òun náà. Wọ́n ṣe é fún gbogbo wọn. Ó wá fọkàn balẹ̀, a lọ.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè Màámi kò fi mí sílẹ̀, ni mo bá jókòó ṣírò rẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sol Price ló dá irú ilé ìtajà yìí sílẹ̀ ní San Diego lọ́dún 1976, nínú ilé tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ òfuurufú sí tẹ́lẹ̀. Price Club ló pè é. Àwọn oníṣòwò kéékèèké ló ṣe é fún níbẹ̀rẹ̀: olóúnjẹ, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó máa gbé páálí kan lọ tú tà. Ìyẹn ni pé àwọn bíi Màámi gan-an ni wọ́n kọ́ ọ fún. Nígbà tó di 1983, Costco bẹ̀rẹ̀ ní Seattle, Sam Walton tó ni Walmart náà ṣí Sam's Club àkọ́kọ́ ní Oklahoma, BJ's sì tẹ̀ lé wọn lọ́dún kejì ní Massachusetts. Lọ́dún 1993, Price Club àti Costco para pọ̀ di ọ̀kan. Báyìí, olórí ìdílé tó ń tọ́jú ọmọ kan ṣoṣo náà ti wà lórí ìlà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jèrè ló yà mí lẹ́nu jù. Costco kì í jẹ́ kí èlé orí ọjà kọjá nǹkan bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí 15 tó bá jẹ́ ọjà tí wọ́n fi orúkọ tiwọn, Kirkland, sí lára. Àwọn sítọ́ọ̀ yòókù ń fi jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa lé e. Oríṣi ọjà tó wà nínú ilé kan kò ju nǹkan bí 4,000 lọ, nígbà tí supermarket lásán lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n. Wọn ò ní fún ọ ní oríṣi tòmátò alágolo méjìlá kó o máa yàn. Ọ̀kan tàbí méjì ni, tí wọ́n ti rà lọ́pọ̀ débi pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ò lè bá wọn jiyàn owó. Ibo wá lèrè wà? Owó káàdì ni. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, káàdì kékeré ti di 65 dọ́là, ti ńlá di 130. Ní ọdún ìṣúná 2024 yẹn, owó káàdì nìkan tó bílíọ̀nù 4.8 dọ́là, èrè tó sì kù sí wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn gbogbo ìnáwó jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 7.4. Ẹ fi wọ́n wéra. Kí n tó gbé tírọ́lì ni wọ́n ti jèrè lórí mi.

Ó dáa, èmi ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi epo mọ́tò bẹ̀rẹ̀, torí òun ló rọrùn jù láti ṣírò. Ká ní epo tiwọn fi 20 sẹ́ǹtì dín sí ti ilé epo tó wà níwájú ilé rẹ lórí gálọ́ọ̀nù kan. Gálọ́ọ̀nù 325 ló máa dá owó káàdì 65 dọ́là padà. Tí mọ́tò rẹ bá ń gba gálọ́ọ̀nù 13 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 25 nìyẹn. Ẹni tó ń rọ epo ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì ti gba owó káàdì rẹ̀ lórí epo nìkan kí ọdún tó yí po, kò tíì ra ìrẹsì o. Àmọ́ tó o bá ní láti wa mọ́tò lọ jìnnà, tó o tún tò sórí ìlà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lásán, epo tó ò ń lọ rà lò ń jó dànù níbẹ̀ yẹn.

Káàdì ńlá ni wọ́n máa ń fi mú àwọn èèyàn wa. Wọ́n á ní o máa gba dọ́là méjì padà lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là tó o bá ná. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n dọ́là 65 ni wọ́n fi lé owó káàdì kékeré kó tó di ti ńlá. O gbọ́dọ̀ ná 3,250 dọ́là lọ́dún kí 65 yẹn tó padà sọ́wọ́ rẹ, ìyẹn nǹkan bí 271 lóṣù. Epo mọ́tò ò sì sí nínú ìṣirò yẹn. Ilé elérò mẹ́fà á ná an láìmọ̀. Ilé elérò mẹ́ta tó bá ń ná an, á jẹ́ pé ó ń sáré lé dọ́là méjì kiri ni.

Ní ti ọjà gan-an, nọ́ńbà kékeré tó wà lábẹ́ iye owó lẹ máa wò, èyí tó ń sọ iye tí áúnsì kan jẹ́. Ojú ò rí i dáadáa, ó sì jọ pé wọn ò fẹ́ kó rí i, pàápàá ní àwọn sítọ́ọ̀ yòókù. Mo ti dúró níwájú òróró pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ bí ẹni ń ṣe ìdánwò. Òróró, ìrẹsì, tíṣù, ọṣẹ, oògùn ẹ̀fọ́rí, táyà, ẹran: àwọn wọ̀nyí ń dínwó lóòótọ́, wọn kì í sì í tètè bàjẹ́ tí fìrísà bá wà. Bí supermarket bá wá ń ṣe ẹ̀dínwó, owó ti supermarket lè rẹlẹ̀ ju ti Costco lọ. Costco kì í sì í gba kúpọ́ọ̀nù tí ilé iṣẹ́ ọjà ń fi síta, BJ's ló ń gbà á.

Nǹkan eléwé ni kẹ́ ẹ sá fún. Mo gbé ọ̀rá spinach kan tó tóbi tó ìrọ̀rí, owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Mo se ẹ̀fọ́ ní Sunday, ó dùn. Tuesday, mo tún bù díẹ̀ sínú ẹyin. Nígbà tí mo máa ṣí fíríìjì ní Friday, omi aláwọ̀ ewé ti tò sísàlẹ̀ ọ̀rá, ewé tó kù ti lẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé wọ́n lọ̀ ọ́. Mo gbé e dà sínú garawa ìdọ̀tí, ó dún "pọ̀." Kò sí nọ́ńbà kékeré kankan tó ń ṣírò ìyẹn fún èèyàn. Ohun tó o jẹ ló yẹ kó o fi pín owó tó o san.

Ká wá dórí ohun tá ò torí ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ilé ìtajà náà pátápátá ni wọ́n máa ń kó ẹyin àti mílíìkì sí, kó o lè kọjá lára tẹlifíṣọ̀n àti àga ọgbà kó o tó débẹ̀. Ọkọ mi lọ ra mílíìkì, ó gbé ọkọ̀ ojú omi dé. Mi ò bú u. Mo kàn bi í pé odò wo. Ó ní wọ́n fi 80 dọ́là dín in.

Mi ò sọ pé wọ́n burú o. Sọ́séèjì inú búrẹ́dì pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, dọ́là kan àtààbọ̀ ni Costco ń tà á láti 1985 títí dòní. Adìẹ yíyan wọn, 4.99. Èmi gbà pé èènì wọn nìyẹn. Ọlọ́jà ibi gbogbo mọ̀ pé ẹni tó bá rí èènì gbà kì í ṣírò iye tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Maryland. Ìyàwó wọn ti padà sílé, àwọn ọmọ wọn wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Àwọn náà ní káàdì. Mo gbé wọn délé lọ́jọ́ kan, mo rí i pé gbogbo ohun tí wọ́n rà kò ju adìẹ kan lọ. Mo ní, Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń dá gbé, kí lẹ fẹ́ fi káàdì ọlọ́dọọdún ṣe? Wọ́n ní àárín ọ̀sẹ̀ làwọn máa ń lọ. Wọ́n á ti tírọ́lì yí gbogbo ilé náà po, wọ́n á tọ́ oúnjẹ ọ̀fẹ́ wò, obìnrin tó ń pín in á sì béèrè bí ara wọn ṣe le. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ òun nìkan ló máa bá mi sọ̀rọ̀."

Ẹ bá mi fi ìyẹn sínú ìṣirò.

Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo gáráàjì mi. Inú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í mọ iye ẹni tó máa jẹun alẹ́ títí tí wọ́n á fi bù ú tán. Àbúrò bàbá á yà, ọmọ àdúgbò á wọlé, ẹnìkan á ní òun kàn ń kọjá ni. Ọwọ́ mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì fún èèyàn mẹ́ta. Níbí, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ alẹ́, èmi ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, ọmọ ń jẹun nílé ìwé. Kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn láìtíì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Tíṣù tó kan àjà yẹn, àwọn tí ò sí níbí ni mo rà á dè. Inú mi máa ń balẹ̀ tí mo bá rí i pé gáráàjì kún, ọdún méjì sì ni ìrẹsì kan lè dúró síbẹ̀ kó máa fi mí lọ́kàn balẹ̀. Màámi rí i láti inú fóònù.

Ohun tó jẹ́ kí káàdì náà bá wa mu ni pé àwa ìdílé mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Ẹni tó ni káàdì ló ń wọlé ra ẹran odindi, tó ń sanwó, torí wọn ò fẹ́ kéèyàn yá ẹlòmíràn ní káàdì. Lẹ́yìn ìsìn, a ó pàdé nídìí mọ́tò, a ó ṣí bọ́ọ̀tù, a ó tẹ́ ọ̀rá. Ìyá kan tó ti ta ẹran rí ló ń gé e, tìbọ̀wọ́ òtútù tìbọ̀wọ́ ike lórí ara wọn, ìwọ̀n kékeré ilé ìdáná wà lórí ìdérí kúlà. Wọ́n á ní, "Ta ni kò fẹ́ ọ̀rá?" Gbogbo wa á dákẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin òyìnbó kan tó ń gbé ajá rìn kọjá dúró wò wá lọ́jọ́ kan, ó ronú bóyá kó pe ọlọ́pàá, ó rí Bíbélì lórí mọ́tò, ó lọ.

Òróró ńlá méjì, ìrẹsì kan, tíṣù kan, a ti ń pín gbogbo ẹ̀ báyẹn. Ohun tí mi ò pín ni mi ò rà níbẹ̀ mọ́.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì nípa Costco, kó mọ̀ pé ilé oògùn wọn kò béèrè káàdì, àti pé tí káàdì bá sú èèyàn, wọ́n máa ń dá owó rẹ̀ padà ní kíkún. Tèmi máa parí láìpẹ́, ti kékeré ni màá san. Àyè ẹnìkan sì ti ṣí sílẹ̀ nínú ẹran oṣù tó ń bọ̀, torí ìdílé kan ti kó lọ sí Texas. Ẹni tó bá wà ní sàkáání wa kó fọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kó mú ike tirẹ̀ dání, kó má sì bá wa jiyàn lórí egungun.