Ìgò Ẹmu Tí Kò Dé Iléṣà

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, tí oòrùn ń ta bí ata, mo wà ní ìsọ̀ ẹlẹ́mu tí a máa ń jókòó sí létí Òsú, lójú ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀ sí Iléṣà. Àríyànjiyàn ọjọ́ náà le. Káfíńtà kan ní òun kò gbà pé Ajíbógun lè bu omi láti etí òkun dé Ilé-Ifẹ̀, láti fi wẹ ojú Odùduwà bàbá rẹ̀ tó fọ́, kí omi náà má dànù lọ́nà. Sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé, gbé igbá ẹmu rẹ̀ sílẹ̀ (kì í sì í gbé e sílẹ̀ lásán), ó bi í pé bí omi náà bá dànù, kí ló dé tí a fi ń pe Ọwá, ọba Iléṣà, àrólé Ajíbógun, ní Obòkun, ẹni tó bu omi òkun? Ẹ̀rín ni mo ń rín. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń sọ.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo ra ẹmu ìgò kan. Bàbá ẹlẹ́mu fi ewé dí ẹnu rẹ̀, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ má fi ìdérí dé e o. Àárọ̀ yìí ni mo dá a, ó ṣì ń hó." Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ìpàdé ìgbìmọ̀ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ń lọ, n kò sì fẹ́ kí òórùn ẹmu ṣáájú mi wọlé. Bí mo ti kúrò lójú wọn ni mo ju ewé nù, mo dé ìgò náà pinpin, mo sì kì í bọ àárín Bíbélì àti ìwé orin nínú báàgì mi.

Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀gbẹ́ Bàbá Ìjọ wa ni àyè ṣẹ́ kù sí. Wọ́n bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀, mo ní mo lọ wo aláìsàn kan ni. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún aláìsàn náà, àmín kejì ni mo sì ń ṣe lọ́wọ́ tí nǹkan fi dún gbàù!

Awakọ̀ tẹ búréèkì, ó kígbe pé, "Táyà ti bẹ́!" Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó ń ta táyà nípàá lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì le koko. Ìgbà náà ni ìyá kan tó gbé ẹ̀fọ́ dání nawọ́ sí báàgì tó wà ní èjìká mi. Ìhó funfun ń yọ lẹ́nu síìpù rẹ̀, ó ń kán tó, tó, tó sórí bàtà Bàbá Ìjọ, kòkòrò kékeré kan tó ti kú sínú ẹmu náà sì gúnlẹ̀ sórí okùn bàtà wọn.

Ajíbógun bu omi òkun dé Ilé-Ifẹ̀. Èmi kò lè gbé ẹmu ìgò kan láti Òsú dé Iléṣà, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ni òun fi rìn, ọkọ̀ ni mo wọ̀.

Bàbá Ìjọ sún mọ́ mi, wọ́n fa imú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì rọra sọ fún mi létí pé, "Ògùrọ̀ kọ́ nìyí, ẹmu ọ̀pẹ gidi ni. Ta ló ní kí o dé e pa, ìwọ ọmọ yìí? Ewé la máa ń fi dí i."