Ìwé Tí Ọmọ Lè Dán Wò

Àwọn òbí sábà máa ń bi mí pé irú ìwé wo ni kí àwọn rà fún ọmọ tí kò fẹ́ràn ìwé kíkà. Èmi ni mo ń bójú tó yàrá ìkàwé kékeré kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Abẹ́òkúta, mo sì máa ń jókòó ti àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń kàwé fún ìgbádùn, láti kíláàsì kìn-ín-ní títí dé ìkarùn-ún. Ìdáhùn mi kò gùn: ẹ ra ìwé tí ọmọ yóò lè dán wò. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé, bí ọmọ bá ka ojú ewé kan tán, kí ohun kan wà níbẹ̀ tí yóò lè ṣírò, tí yóò lè wọ̀n, tí yóò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tàbí tí yóò lè lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìwé náà ń sọ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń padà wá béèrè, ìbáà jẹ́ ìtàn alàwòrán, ìbáà jẹ́ ìwé ìmọ̀ tí kò ní àròsọ nínú.

Fún àwọn ọmọ kékeré, "Baby Goes to Market" ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Atinuke, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, ló kọ ọ́, Angela Brooksbank ló ya àwòrán rẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 2017. Ìyá kan pọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ọjà, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rù. Ọmọ náà wu àwọn ọlọ́jà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní nǹkan. Ẹni àkọ́kọ́ fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́fà: ọmọ jẹ ọ̀kan, ó sọ márùn-ún sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn fún un ní ọsàn márùn-ún: ó jẹ ọ̀kan, ó sọ mẹ́rin sínú apẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iye náà ń dín kù, láti orí chin-chin dé orí àgbàdo sísun, títí ó fi kan àgbọn méjì. Ìyá kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń wo àwòrán ti mọ ohun tí ìyá kò mọ̀, adùn ibẹ̀ sì ni pé kò sí àgbàlagbà kankan tó sọ ọ́ fún wọn. Kí a tó dé ìparí, mo máa ń ní kí wọ́n sọ iye ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà. Márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ọmọ tí kì í fẹ́ lanu nígbà ìṣirò máa ń ka ìka rẹ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún un, ọmọ tó bá sì ti bá ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà Kútọ̀ rí yóò jẹ́rìí sí i pé lóòótọ́ ni àwọn ọlọ́jà máa ń fún ọmọ ẹ̀yìn ní nǹkan.

Ìwé yìí ni mo fi ń ṣàlàyé ohun tó yẹ kí àwòrán ṣe. Bí mo bá wà nílé ìtàwé, mo máa ń fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ inú ìwé, n ó sì wo àwòrán nìkan ní ojú ewé mélòó kan. Bí ọ̀rọ̀ bá ní ọmọkùnrin kan ń gbá bọ́ọ̀lù, tí àwòrán kò sì ní ohunkóhun ju ọmọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ, mo máa ń dá a padà sórí pẹpẹ. Àwòrán tó yẹ ọmọdé gbọ́dọ̀ ní ohun tí ọmọ yóò fi ojú ara rẹ̀ wá rí. Bí ẹ bá sì ra irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kánjú ṣí i. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wo èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì bi í pé, "Kí lo rí?" kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ kankan. Ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí ọmọ onítìjú fi lè dáhùn rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé ìwé tí ọmọ lè dán wò kò ní ju ìwé nípa àdúgbò rẹ̀ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. "The Snowy Day" ti Ezra Jack Keats jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1962, ó sì gba ẹ̀bùn Caldecott, tí wọ́n fi ń dá àwòrán ìwé ọmọdé lọ́lá níbẹ̀, ní 1963. Àwọn ọmọ tí mo ń kà á fún kò rí yìnyín tó bo ilẹ̀ rí. Síbẹ̀, nígbà tí Peter, ọmọ dúdú tí ìtàn náà dá lé, bá fi yìnyín róbótó kan sínú àpò aṣọ rẹ̀ kí ó lè fi ṣeré lọ́jọ́ kejì, tí ó sì wọlé sínú ooru, gbogbo kíláàsì ni ariwo máa ń sọ, nítorí ọmọ tó bá ti ra omi dídì fún ìyá rẹ̀ rí mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ kí ó tó délé. A máa ń gbé omi dídì kan sínú abọ́ lórí tábìlì kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, a ó sì wò ó nígbà tí ìtàn bá parí.

Ní ti ìwé ìmọ̀, ọ̀pọ̀ òbí rò pé ìwé ìdánwò ni, tàbí pé àwọn ọmọ tó ti dàgbà ló wà fún. Mo ti rí i léraléra pé àwọn ọmọ kan wà, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tí ìtàn àlọ́ kì í fà mọ́ra, tí ìbéèrè wọn nípa gbogbo nǹkan sì máa ń jẹ́ "Àǹtí, ṣé òótọ́ ni?" Ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ; òótọ́ ló ń wá. "Actual Size" ti Steve Jenkins, tó jáde ní 2004, ni mo máa ń gbé lé e lọ́wọ́. Bébà tí òǹkọ̀wé náà gé tí ó sì ya ló fi ṣe gbogbo àwòrán inú rẹ̀, ó sì ṣe ẹranko kọ̀ọ̀kan, tàbí ẹ̀yà ara rẹ̀ kan, ní ìwọ̀n tí ó jẹ́ gan-an. Ọwọ́ gorilla wà níbẹ̀ tí ọmọ lè gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé. Àkèré Goliath, tó ń gbé ní ìhà Kamẹrúùnù tó múlé gbè wá, wà níbẹ̀. Ojú ẹranko òkun ńlá kan tí wọ́n ń pè ní squid náà wà níbẹ̀, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Ọmọbìnrin kan tí kì í ka ìtàn kankan parí mú rúlà wọn ojú náà, lẹ́yìn náà ó fi rúlà kan náà lọ wọn àwo oúnjẹ rẹ̀, ó sì padà wá sọ fún mi pé àwo náà kò tó o.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi, "The Boy Who Harnessed the Wind" ni mo fẹ́ràn jù. William Kamkwamba àti Bryan Mealer ló kọ ọ́, ẹ̀dà alàwòrán rẹ̀ tí Elizabeth Zunon ya sì jáde ní ọdún 2012. Ọmọ àgbẹ̀ ni William ní orílẹ̀-èdè Màláwì. Nígbà tí ìyàn mú níbẹ̀ láàárín 2001 sí 2002, àwọn òbí rẹ̀ kò rí owó ilé ẹ̀kọ́ san mọ́, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá náà sì di ẹni tó ń jókòó sílé. Ó wá ń lọ sí yàrá ìkàwé kékeré kan ní àdúgbò rẹ̀, níbi tí ó ti rí ìwé sáyẹ́ǹsì kan tí àwòrán ẹ̀rọ onífáànù gàgàrà tí afẹ́fẹ́ ń yí wà lára rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì já geere nígbà náà, nítorí náà àwòrán inú ìwé ni ó fi ń wá ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí kò yé e. Ó lọ ṣa àlòkù jọ: fáànù katakata, férémù kẹ̀kẹ́, páìpù oníke tí ó yọ́ lórí iná kí ó lè tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Dáínámò kẹ̀kẹ́ ló wá ń sọ yíyí fáànù náà di iná mànàmáná, gílóòbù sì tàn nínú ilé wọn.

Mo fẹ́ kí gbogbo òbí tó bá ń sọ pé ọmọ òun ti dàgbà ju ìwé alàwòrán lọ ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì. Àwòrán ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kà tí iná fi tàn. Wíwo àwòrán tó ń ṣàlàyé nǹkan, kí ènìyàn mọ ohun tí ọfà ń tọ́ka sí àti bí apá kan ṣe so mọ́ èkejì, jẹ́ irú ìwé kíkà kan tó nílò kíkọ́, a kì í sì í kọ́ ọ bí a bá ti gba àwòrán kúrò lọ́wọ́ ọmọ ní kíláàsì kejì. A gba dáínámò àlòkù kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí ilé ẹ̀kọ́ wa, a so gílóòbù kékeré mọ́ ọn, a sì ní kí àwọn ọmọ máa yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá rọra yí i, iná á ṣe bàìbàì. Bí wọ́n bá sáré yí i, á mọ́lẹ̀ kedere. Àwọn fúnra wọn ló padà sínú ìwé náà láti wo ìdí tí William fi gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ sórí òpó gíga, tí ọ̀kan nínú wọn sì sọ pé afẹ́fẹ́ orí igi máa ń lágbára ju ti ilẹ̀ lọ.

Bí ọmọ bá fẹ́ràn èyí, "One Plastic Bag" ti Miranda Paul, tó jáde ní 2015, ló kàn. Ó sọ ìtàn Isatou Ceesay àti àwọn obìnrin abúlé Njau ní Gáḿbíà, tí wọ́n rí i pé ọ̀rá tí àwọn ènìyàn ń jù nù ń pa ewúrẹ́ wọn, tí wọ́n sì gé ọ̀rá náà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láti fi hun àpò owó. Ọmọ lè hun díẹ̀ lára tirẹ̀. Ìwé náà tún ní àlàyé òǹkọ̀wé ní ìparí, mo sì ka èyí sí pàtàkì: bí ìwé bá ń sọ ìtàn ẹni tó gbé ayé lóòótọ́, ó yẹ kí ó jẹ́ kí ọmọ mọ ibi tí òǹkọ̀wé ti rí ìtàn náà.

Ìwé tó sún mọ́ wa jù lọ kò sì ná mi lówó. Ní 2014, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ àti àṣà, ṣe ìwé alàwòrán kan nípa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, nínú ọ̀wọ́ ìwé wọn lórí àwọn obìnrin inú ìtàn Áfíríkà. Obioma Ofoego ló kọ ọ́, Alaba Onajin ló sì ya á. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún ni mo ń fún. Wọ́n máa ń kọjá níwájú ààfin Aláké ní Aké, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé níbẹ̀ ni àwọn obìnrin ti péjọ ní 1947 nítorí owó orí, tàbí pé Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n mú ìwé náà lọ bá àgbàlagbà kan nílé. Àwọn kan padà wá pẹ̀lú orin tí ìyá àgbà wọn gbọ́ lẹ́nu ìyá tirẹ̀, ọ̀kan sì padà wá pẹ̀lú àtakò, pé bàbá àgbà òun kò gbà pé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ló ṣẹlẹ̀. Inú mi dùn sí èyí ju orin lọ, nítorí ọmọ náà ti mọ̀ pé a lè béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ìwé.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé ìmọ̀ àlòkù. Ó dára, owó rẹ̀ kì í sì í pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó sanwó. Ìwé nípa òfuurufú tó bá ti wà kí ó tó di 2006 yóò ka Pluto mọ́ àwọn plánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ wọn kò kà á mọ́ wọn mọ́ láti ọdún náà. Máàpù tó bá ti wà ṣáájú 2011 kò ní Gúúsù Sudan, èyí tó bá sì ti wà ṣáájú 2018 yóò ṣì máa pe Eswatini ní Swaziland. Fún ìmọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà, "Africa, Amazing Africa" tí Atinuke kan náà kọ ní 2019 ni mo fọwọ́ sí, nítorí pé ó mú àwọn orílẹ̀-èdè náà níkọ̀ọ̀kan, tí kò fi kìnnìún àti ahéré nìkan ṣe àpèjúwe gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ èdè ló dùn mí jù. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìwé tí mo dárúkọ yìí, Yorùbá sì ni mo fi ń ka èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fún àwọn ọmọ, tí n ó máa túmọ̀ bí mo ṣe ń ṣí i. Ìtàn alàwòrán wà lédè Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì African Storybook, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, àti lórí StoryWeaver ti Pratham Books ní Íńdíà, ẹ sì lè tẹ̀ wọ́n sórí bébà. Ìwé ìmọ̀ fún ọmọdé lédè wa ló ṣọ̀wọ́n lórí pẹpẹ, nítorí náà àwọn ọmọ fúnra wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Àwọn kíláàsì ìkarùn-ún lọ sí Ìtòkú, wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn aládìrẹ bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ ya láfún sára aṣọ fún ẹlẹ́kọ, àti bí wọ́n ṣe ń di aṣọ ní kókó kókó fún oníko, wọ́n yà á, wọ́n kọ ọ́, a fi òwú rán an, ó sì ti wà lórí pẹpẹ báyìí.

Bí owó yín kò bá pọ̀, ẹ kọ́kọ́ tẹ ìwé UNESCO náà àti ìtàn Yorùbá méjì tàbí mẹ́ta jáde, kí ẹ sì fi owó tó kù ra ẹyọ kan: "Baby Goes to Market" bí ọmọ yín kò bá tíì pé ọdún mẹ́fà, "The Boy Who Harnessed the Wind" bí ó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.