Ohun tí kẹ̀kẹ́ orí òkè tí kò ní ṣọ́ọ̀kì fi yé mi

Kì í ṣe pé mo jókòó rò ó kí n tó yọ ṣọ́ọ̀kì kúrò lára kẹ̀kẹ́ mi. Ọ́ìlì ló ń jò láti inú fọ́ọ̀kì iwájú, irin ẹlẹ́ka méjì tó di ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ mú; inú rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì wà. Mo ti gùn ún títí rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú fi gbó, eruku wọlé, àwọn irin tó ń wọ inú ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara wọn. Ẹni tí yóò tún un ṣe ní kí n fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èmi ò sì lè fi ọjọ́ mẹ́rin jókòó láìgun kẹ̀kẹ́ wọ inú igbó. Mo bá wá fọ́ọ̀kì irin kan, èyí tí kò ní sípíríǹgì, tí kò ní afẹ́fẹ́, tí kò ní ọ́ìlì nínú, pé kí n máa fi ṣe é lọ títí tèmi yóò fi dé. Tèmi dé lóòótọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà báyìí, n kò tíì dá a padà sára kẹ̀kẹ́ náà.

Kí a lè jọ mọ ohun tí mò ń sọ: kẹ̀kẹ́ orí òkè tí wọ́n ń ṣe lóde òní, tí a fi ń gba ọ̀nà igbó, orí òkúta àti gbòǹgbò, sábà máa ń ní ṣọ́ọ̀kì níwájú. Àwọn mìíràn ní i níwájú, wọ́n tún ní i lẹ́yìn. Tèmi kò ní rárá. Férémù rẹ̀ le, fọ́ọ̀kì rẹ̀ le. Ohun tó ń tẹ̀ lára rẹ̀ kò ju táyà lọ, àti eékún òun ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó gùn ún.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ burú gan-an. Ọ̀nà tí mo ti gbà láìmọye ìgbà ni mo gbà. Kí n tó dé ìdajì rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ti ń ta mí, orí mi ń gbọ̀n débi pé n kò rí òkúta iwájú mi dáadáa mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó nira fún mi láti di ife mú. Mo dá fọ́ọ̀kì lẹ́bi. Ó tó oṣù kan kí n tó mọ̀ pé fọ́ọ̀kì náà kò ṣẹ̀ mí, pé èmi ni mo gbé e sórí kẹ̀kẹ́ tí n kò tún nǹkan kan ṣe lára rẹ̀ láti gbà á. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ èyí, kí ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ má baà jìyà oṣù kan yẹn lásán.

Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tó wà lára kẹ̀kẹ́ mi nígbà náà fẹ̀ tó íǹṣì 2.1, mo sì máa ń fẹ́ ẹ dé 35 psi (psi ni a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà), ó le bí igi. Ìgbà tí ṣọ́ọ̀kì wà, n kò mọ̀ pé ó le tó bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí, táyà iwájú mi fẹ̀ tó íǹṣì 2.6, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í ju 16 psi lọ, ti ẹ̀yìn jẹ́ 19. Èmi fúnra mi wọ̀n tó kílò 75. Ẹni tó bá wúwo jù mí lọ yóò fi kún un. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé táyà tó fẹ̀ gba afẹ́fẹ́ púpọ̀, nítorí náà ó lè rọ̀ kí ríìmù má sì lu òkúta. Táyà tín-ínrín tí a bá dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ní í lè gbé ènìyàn.

Bí tíúbù bá wà nínú rẹ̀, ẹ ṣọ́ra. Táyà tó bá rọ̀ jù á jẹ́ kí tíúbù há sáàárín ríìmù àti òkúta, á sì lu ihò méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo yọ tíúbù tèmi, mo da omi tó ń dí ihò sínú táyà, mo sì sinmi. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń dín afẹ́fẹ́ kù ní ẹyọ psi kan lẹ́ẹ̀kan, lórí ọ̀nà kan náà, títí mo fi gbọ́ tí ríìmù kan òkúta tàbí tí táyà ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí mo bá yà ní kọ́nà. Mo fi psi kan tàbí méjì kún un, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ra gẹ́ẹ̀jì. Àtàǹpàkò tí a fi ń tẹ táyà wò kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín 16 sí 20, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní ṣọ́ọ̀kì.

Gígùn fọ́ọ̀kì ló tẹ̀lé e, ibí yìí ni àṣìṣe mi ti pọ̀ jù. Ẹ wọn fọ́ọ̀kì láti àárín ibi tí ààsì ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń gbà kọjá dé òkè ibi tó ti kan ìdí ọrùn férémù. Ti ṣọ́ọ̀kì mi jẹ́ mìlímítà 510. Fọ́ọ̀kì irin tí mo kọ́kọ́ rà jẹ́ 445, kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré ni wọ́n ṣe é fún. Iwájú kẹ̀kẹ́ wá lọ sílẹ̀, gàárì da orí kọ́ síwájú, gbogbo ara mi dà lé ọwọ́, hándùlù ń yà bàràbàrà, pẹ́dàlì sì ń lu gbòǹgbò. Bí fọ́ọ̀kì bá fi mìlímítà 20 kúrú sí i, ọrùn férémù á dúró gangan sí i ní nǹkan bí dígírì kan. Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe sí kẹ̀kẹ́ mi. Èyí tí mo padà rà jẹ́ 485. Ó kúrú ju ti ṣọ́ọ̀kì lọ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí, nítorí bí ènìyàn bá ti jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ni ṣọ́ọ̀kì máa ń tẹ̀ wọlé díẹ̀, ibẹ̀ ni férémù ti bá a mọwọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá ààsì yín bá a mu, bóyá táyà tó fẹ̀ yóò sì ráyè yí nínú rẹ̀ nígbà tí ẹrẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọwọ́ ńkọ́? Ìka ọmọńdinrín àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa ń kú mọ́ mi lára, nítorí iṣan tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì gba ìdí àtẹ́lẹwọ́ kọjá, ibẹ̀ gan-an la sì máa ń fi tẹ hándùlù. Mo pààrọ̀ rọ́bà ọwọ́ hándùlù sí èyí tó ki tó sì rọ̀, mo tún wá hándùlù tí orí rẹ̀ ṣẹ́ wá sẹ́yìn ní dígírì 16, kí ọrùn ọwọ́ mi lè dúró bó ṣe fẹ́ dúró. Ó ràn mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé mo dáwọ́ dúró láti máa fún hándùlù lọ́rùn. Àwọn àgbà ní ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ̀rù bá bà yín, tí ẹ gán hándùlù mú, gbogbo òkúta tí táyà bá kàn ni yóò gba ọwọ́ yín wọ èjìká.

Wàyí o, ọ̀nà ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ yìí.

Ibì kan wà lójú ọ̀nà tí mo máa ń gbà, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sí odò kékeré kan, gbòǹgbò igi sì na ara wọn kọjá ojú ọ̀nà bí àtẹ̀gùn. Odidi ọdún méjì ni mo fi ń fi ṣọ́ọ̀kì gba àárín ibẹ̀ kọjá láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣọ́ọ̀kì ń gbé gbogbo rẹ̀ mì. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀kì tó le, ó gbé mi ṣubú. Mo padà sókè, ó tún gbé mi ṣubú. Ní ìgbà kẹta, mo gbé kẹ̀kẹ́ ti igi, mo fẹsẹ̀ rìn ín wò. Mo rí i pé ní ọwọ́ òsì, níbi tí ojú ọ̀nà ti fẹ́ parẹ́ sínú koríko, ilẹ̀ tó dán wà tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ó sì yí àwọn gbòǹgbò tó ga jù náà ká. Àwọn tó kù, méjì péré, dábùú ọ̀nà náà gangan débi pé táyà lè gùn wọ́n láìyọ̀. Odidi ọdún méjì, ilẹ̀ yẹn wà níbẹ̀, n kò rí i. Mo gun kẹ̀kẹ́, mo gba ibẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ dé etí odò láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ kọ́jọ́ tí mo ti fi eré sísá kọjá níbẹ̀ lọ.

Ohun tí ara mi ń ṣe láti ìgbà náà rèé. Mo ń dìde dúró lórí pẹ́dàlì, pẹ́dàlì méjèèjì ga dọ́gba, gìgísẹ̀ lọ sílẹ̀, eékún àti ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀. Ẹsẹ̀ wúwo, ọwọ́ fúyẹ́. Ojú mi kì í wà lára táyà. Ó wà níbi tí táyà máa dé lẹ́yìn tí mo bá ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí gbòǹgbò bá ń bọ̀, mo máa ń tẹ ara mi wálẹ̀ díẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀, kí n wá mú ara fúyẹ́ gẹ́lẹ́ bí táyà iwájú ṣe ń kàn án. Lẹ́yìn náà, mo sún ìbàdí síwájú díẹ̀ kí táyà ẹ̀yìn náà lè rọrùn kọjá. Gbòǹgbò tó bá dábùú ọ̀nà ní ẹ̀gbẹ́, pàápàá bí ó bá tutù, kò sí kí n má yí kẹ̀kẹ́ láti kojú rẹ̀ gangan.

Bíréèkì pẹ̀lú: kí ẹ tó dé orí òkúta ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tú u sílẹ̀ tí ẹ bá ti dé orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí bíréèkì mú kì í gun nǹkan, ńṣe ló máa ń kọlù ú. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé fífalẹ̀ ló máa ń gbà yín nígbà gbogbo. Tí ẹ bá fà jù, táyà á máa já sínú kòtò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin náà á máa bá a já. Ìwọ̀n eré kan wà tí táyà fi máa ń fò láti orí òkúta kan sí èkejì, ara a sì tù yín. Ibi tó bá wà lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, àfi kí ẹ máa wá a.

Nígbà tí a bá ń gun òkè ńkọ́? Mo dìde dúró lórí pẹ́dàlì, gbogbo agbára ẹsẹ̀ mi lọ sínú ṣéènì, nǹkan kan ò gbé e mì lọ́nà. Nígbà tí mo bá tẹ bíréèkì, iwájú kẹ̀kẹ́ kì í rì. Ó tún fúyẹ́ sí i. Ṣọ́ọ̀kì mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò méjì, fọ́ọ̀kì irin yìí lé díẹ̀ ní kílò kan. Ní ti ìtọ́jú, àwọn tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì sábà máa ń ní kí a ṣí i, kí a sì pààrọ̀ ọ́ìlì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní wákàtí 50-50 tí a bá fi gùn ún. Tèmi, mo ń fọ̀ ọ́, mo ń wo ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ bóyá ó ti sán, ó tán.

Bí ó bá sì ń ṣe yín bíi pé kò ṣeé ṣe, ẹ rántí bí eré yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1976, ní Marin County ní ìpínlẹ̀ California, Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ àlòkù tí táyà rẹ̀ fẹ̀ sáré sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà kan tí wọ́n pè ní Repack. Orúkọ náà jáde láti inú bíréèkì ẹsẹ̀ wọn: ó máa ń gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ á jóná tán, wọ́n á sì ní láti tún gíríìsì mìíràn dì sínú rẹ̀. Joe Breeze, ọ̀kan nínú wọn, kọ́ férémù tirẹ̀ fún eré náà ní 1977. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Specialized gbé kẹ̀kẹ́ orí òkè tí wọ́n pè ní Stumpjumper jáde ní 1981, fọ́ọ̀kì rẹ̀ le gbagidi. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni ṣọ́ọ̀kì RockShox tó dé ọjà. Ṣé ẹ rí i, táyà tó fẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì àwọn tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí èmi náà padà sí nìyẹn.

N kò ní purọ́ fún yín. Lórí òkúta tó pọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ní ṣọ́ọ̀kì ń fi mí sílẹ̀, wọ́n á sì dúró dè mí nísàlẹ̀. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́ rí, tàbí tó jẹ́ pé orí òkúta gbágungbàgun nìkan ló fi ń ṣe wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún, kó mú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ dání. N kò sì gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé fọ́ọ̀kì tó le máa ń sọ gbogbo ènìyàn di ọ̀gá. Mo mọ ẹni tó gùn ún fún ọdún kan pẹ̀lú ọwọ́ gbọọrọ tí kò tẹ̀, ohun tó jèrè kò ju ìrora ọrùn ọwọ́ lọ.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ yá tẹni kan, kí ẹ má tíì ra tiyín. Ẹ yá a fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kì í ṣe ọjọ́ kan, torí ọjọ́ àkọ́kọ́ á parọ́ fún yín bó ṣe parọ́ fún mi. Ẹ gba ọ̀nà kúkúrú kan tí ẹ mọ̀ bí ẹní mowó, ẹ mú gẹ́ẹ̀jì dání, kí ẹ sì máa bẹ̀rẹ̀ láti 22 psi wá sílẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi tó bá ń gbé yín ṣubú, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn ín, ẹ wo ọwọ́ òsì.